Chinchilla l'Óṣogbo: ẹ wo ilé ẹ̀ kí ẹ tó rà á

Gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbé fọ́tò Dúdúyẹmí, chinchilla mi, sí status mi, ìbéèrè kan náà ló máa ń wọlé, èló ni wọ́n ń tà á, níbo lèèyàn ti lè rí i rà, ṣé kì í buni jẹ. Ọmọ àbúrò màámi kan tiẹ̀ pè mí láìpẹ́ yìí pé, "Àǹtí, mo ti rí ẹni tó ń tà á l'Ékòó lórí Instagram o, ẹ kàn bá mi sọ pé kò ní wàhálà ni." Mo ní mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀, má rà á. Ó ní ṣebí ẹ̀yin náà ní. Òótọ́ ni, mo ní, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan, àmọ́ ìfẹ́ tí mo ní sí i yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n kúkú jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, torí ọ̀rọ̀ yìí ju ohun tí èèyàn lè fi voice note kékeré ṣàlàyé lọ.

Fún ẹni tí kò bá tíì rí chinchilla rí, ẹranko kékeré kan ni, kò tó ehoro ńlá, etí ẹ̀ fẹ̀ ó sì fẹ́lẹ́, irun pọ̀ lára ìrù ẹ̀, àwọ̀ ara ẹ̀ dà bí eérú iná igi, tí èèyàn bá fọwọ́ kan irun ẹ̀ èèyàn ò ní tètè mọ̀ pé òun ti fọwọ́ kan nǹkan. Mi ò rà á o. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń sìn ín l'Ékòó, ìgbà tí físà ẹ̀ jáde tó fẹ́ jápa lọ sí Kánádà, kò rí ẹni tó lè gbé e lé lọ́wọ́ tí ọkàn ẹ̀ á balẹ̀, ló bá pè mí torí ó mọ̀ pé ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń sin ehoro lọ́hùn-ún l'Òkè-Baálẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n ṣètò yàrá ná. Yàrá yẹn ló wá jẹ owó, kì í ṣe ẹranko, ẹ sì máa rí ìdí ẹ̀ láìpẹ́.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé chinchilla ni òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà, lápá Chile lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ga débi pé òkè Ìdànrè ò tó nǹkan kan níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, òtútù ibẹ̀ kì í ṣeré lálẹ́, inú pàlàpálá àpáta ni wọ́n ń sá sí lọ́sàn-án, ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ni wọ́n á wá jáde láti jẹ koríko gbígbẹ àti èèpo igi. Irun tí Ọlọ́run fi bò wọ́n, ibẹ̀ ló dá a fún. Ojú ihò irun kan ṣoṣo lára chinchilla, irun tó lé ní 50 ló ń jáde níbẹ̀, tiwa ẹyọ kan ni, tó bá pọ̀ méjì tàbí mẹ́ta.

Irun yìí náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìran wọn run. Àwọn òyìnbó ń fi awọ wọn ṣe kóòtù, kóòtù kan lè gba awọ tó lé ní 100, wọ́n pa wọ́n débi pé lọ́dún 1910 ìjọba Chile, Ajẹntínà, Bòlífíà àti Perú jọ fọwọ́ sí àdéhùn pé kí wọ́n má pa wọ́n mọ́. Lọ́dún 1923, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Mathias Chapman kó 11 nínú wọn lọ sí California, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń sìn nínú ilé lónìí, ìran àwọn 11 yẹn ni wọ́n. Àwọn ti inú igbó ò tíì bọ́ nínú ewu títí di báyìí, àwọn Chile ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún wọn lọ́dún 1983. Ìgbà tí mo ka gbogbo èyí, ojú tí mo fi ń wo Dúdúyẹmí yí padà, torí ẹranko tí wọ́n ti fi ìyà jẹ ìran ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ yẹn, kò yẹ kó tún wá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó kàn fẹ́ fi ṣe fídíò TikTok.

Ó yá, ká wá sí Òṣogbo. Dígírì 16 sí 21 ló bá chinchilla lára mu jù. Tó bá ti ń sún mọ́ 25, èmi kì í jókòó mọ́, tó bá wá lọ kọjá 27, ẹ̀mí ẹ̀ ti wà nínú ewu nìyẹn, kì í ṣe pé ara á kàn máa ni ín, ó lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ rántí bí oríta Ọláìyá ṣe máa ń rí lọ́sàn-án oṣù kejì àti oṣù kẹta, tí dígírì ti lé ní 33, tí àwọn ọlọ́kadà fúnra wọn ti sá lọ sábẹ́ ibòji, tí ògiri ilé á ṣì máa gbóná títí di òru. Inú ooru yẹn ni èèyàn fẹ́ kó ẹranko tó wọ irun bẹ́ẹ̀ yẹn sí, kò sì lè bọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ máa ń sọ fún mi pé àwọn á gbé fáànù sí i. Fáànù ò ṣe nǹkan kan fún un o! Ohun tó ń jẹ́ kí fáànù tu àwa lára ni pé à ń làágùn, atẹ́gùn fáànù ló ń gbẹ òógùn yẹn lára wa tára fi ń tutù. Chinchilla kì í làágùn, fáànù á kàn máa fẹ́ ooru lù ú ni. Etí ẹ̀ ló fi ń lé ooru jáde lára jù, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó ń sìn ín mọ etí yẹn dáadáa. Tí ara Dúdúyẹmí bá tutù, etí ẹ̀ máa ń rí bí ara ṣe rí, ó fẹ́lẹ́ tí mo fi lè rí iṣan tín-ín-tìn-ín nínú ẹ̀ tí mo bá tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ẹ̀. Tí ooru bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, iṣan yẹn á wú, etí á pọ́n, á sì gbóná tí mo bá fọwọ́ kàn án. Tó bá ti wá lọ dùbúlẹ̀ gbalaja, tó ń mí gùlegùle, tí itọ́ ń jáde lẹ́nu ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di kíákíá nìyẹn: ẹ gbé e lọ síbi tó tutù, ẹ gbé e lé orí táìlì, ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi tó tutù díẹ̀ kàn án létí àti àtẹ́lẹsẹ̀, kì í ṣe omi yìnyín, ẹ má sì rì í sómi rárá, kí ẹ sì máa pe dókítà ẹran bí ẹ ṣe ń ṣe é lọ́wọ́.

Torí náà AC ni, tọ̀sán tòru. Yàrá tó kéré jù nílé mi ni mo fún un, èyí tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í kọlu wíńdò ẹ̀, kí AC má baà ṣiṣẹ́ jù. Iná tí wọ́n ń mú wá l'Óṣogbo kò ṣeé gbọ́kàn lé, gbogbo wa la mọ̀, ìyẹn ni mo fi ní láti ra sólà, bátìrì àti ínfátà kí n tó gbé ẹranko wọlé. Àwọn kan ní ṣé torí eku ni mo ṣe ra sólà. Torí ẹ̀ náà ni. Mo so ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka ooru àti ọ̀rinrin mọ́ ara àgò ẹ̀, ibi tó ń sùn gan-an ni mo so ó mọ́ o, torí òkè yàrá àti ìsàlẹ̀ yàrá kì í rí bákan náà. Mo gbé táìlì mábù méjì sínú àgò, ó máa ń fúnra ẹ̀ lọ dùbúlẹ̀ lé e. Mo sì ní ìgò omi dídì nínú fíríìsà nígbà gbogbo, tí bátìrì bá fẹ́ kú lóru màá fi táwẹ̀lì wé e, màá gbé e lé orí àgò, kò lè ṣiṣẹ́ AC àmọ́ á fún mi láyè díẹ̀ kí n lọ tan jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ yẹn náà, ẹ̀yìnkùlé lọ́nà jíjìn ló ń wà, èéfín ẹ̀ ń pa èèyàn, ká má tíì sọ ẹranko tí kò tó kílò kan.

Ìgbà òjò ń tan èèyàn jẹ. Oṣù keje àti oṣù kẹjọ, ojú ọjọ́ á tutù, èèyàn á ní a dúpẹ́, ká pa AC, ká fi owó pamọ́. Àmọ́ ọ̀rinrin ni ìṣòro ìgbà yẹn. Irun tó kún bẹ́ẹ̀ yẹn, tí afẹ́fẹ́ tó lọ́rinrin bá wọ̀ ọ́, kì í gbẹ bọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni àrùn awọ ara bíi làpálàpá ti máa ń wọlé, èèyàn gan-an sì lè kó o lára ẹ̀. AC ló ń fa ọ̀rinrin yẹn kúrò nínú yàrá, nítorí náà mi ò kì í pa á.

Ìdí kan náà ni kì í fi í fi omi wẹ̀. Màámi ò fẹ́ gbà, wọ́n ní kí ló dé tí mi ò wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọṣẹ dúdú. Mo ní Màámi, eruku ló fi ń wẹ̀. Eruku òkè ayọnáyèéfín, tó kúnná gan, ni àwọn ti igbó ń yí nínú ẹ̀, òun náà ni wọ́n ń dì sínú ọ̀rá tí ọ̀rẹ́ mi máa ń fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé láti Kánádà. Ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀ ló yẹ kó wẹ̀, bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé abọ́ eruku yẹn kúrò, torí tó bá ń gbé nínú ẹ̀ awọ ara ẹ̀ á gbẹ, ojú ẹ̀ á sì máa ta á. Kì í ṣe iyanrìn odò o, ìyẹn ń gé irun, kì í ṣe pọ́dà ọmọdé, ìyẹn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kì í sì í ṣe eérú ààrò. Ẹ bá rí Dúdúyẹmí tí mo bá gbé abọ́ yẹn sílẹ̀! Á kọ́kọ́ fi ọwọ́ iwájú gbọ́n ọn wò, á wá wọlé, á yí gbiri lọ́tùn-ún, á yí gbiri lósì, á dìde dúró bíi pé ó ti tán, á tún ju ara ẹ̀ sílẹ̀ padà, eruku á bo gbogbo ògiri, èmi á dúró síbẹ̀ máa sín, inú mi á sì máa dùn.

Oúnjẹ. Koríko gbígbẹ ni olórí oúnjẹ ẹ̀, òun ló yẹ kó wà níwájú ẹ̀ tọ̀sán tòru, àwọn nǹkan yòókù kàn ń tẹ̀ lé e ni. L'ókè òkun ọ̀rá ni wọ́n ń rà á, èmi ni mò ń gbẹ tèmi. Mo ń gé e lórí ilẹ̀ ọ̀rẹ́ bàbá mi kan lọ́nà Ìkìrun, torí mo mọ̀ dájú pé wọn ò fọ́n òògùn apakoríko síbẹ̀, mi ò jẹ́ gé ti ẹ̀gbẹ́ títì tí èéfín mọ́tò ń bà lé. Abẹ́ páànù tí atẹ́gùn ń fẹ́ dáadáa ni mo ń sá a sí, ìgbà ọyẹ́ ló rọrùn jù, màá gbẹ èyí tó pọ̀ pamọ́ nígbà yẹn kí òjò tó dé, torí koríko tó bá ti bu, kódà díẹ̀ báyìí, mo ń dà á nù ni. Òórùn ẹ̀ ni mo fi ń mọ̀. Koríko dáadáa ń ta sánsán, èyí tó ti bu á ta sí èèyàn nímú. Mo máa ń fi pẹ́lẹ́ẹ̀tì, oúnjẹ koríko tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì tẹ̀ ní hóró-hóró, kún un, ṣíbí ìjẹun kan sí méjì lójúmọ́, èyí tí kò ní àgbàdo tàbí èso kankan nínú.

Àlejò ló ń dẹ́rù bà mí lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí, torí ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Èyí á mú ẹ̀pà wá, èyí á já ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, ọmọdé á ti bíṣíkíìtì wọnú àgò. Chinchilla ò lè bì. Ohunkóhun tó bá ti wọnú ẹ̀ kò sí ọ̀nà àbáyọ fún un ju ìdí lọ, oúnjẹ tó bá dùn tàbí tó lọ́ràá máa ń jẹ́ kí inú ẹ̀ wú tàbí kí ìfun ẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Lójoojúmọ́ ni mo ń wo ìgbẹ́ ẹ̀ nígbà tí mo bá ń gbálẹ̀ àgò. Ó yẹ kó pọ̀, kó le, kó dọ́gba. Tó bá ń kéré sí i, tó ń rọ̀, tàbí tí kò sí rárá, tó wá ká jọ sí kọ̀rọ̀ kan tí kò jẹun, kò sí pé ẹ jẹ́ ká dúró dọ̀la nínú ìyẹn o.

Eyín ẹ̀ náà, 20 ni, gbogbo wọn pátá ló ń hù títí ayé, ti iwájú lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún tí kò bá rí nǹkan gígé fi yọ́ ọ. Koríko tó ń rún yẹn ló ń bá a lọ eyín ẹ̀yìn, àwọn igi ápù kéékèèké tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi ló sì ń gé fi yọ́ ti iwájú. Mi ò fún un ní pákó láti sọ́mìlì, torí a ò mọ òògùn tí wọ́n ti fi pa á. Mi ò sì gba ike láàyè nínú àgò ẹ̀, torí á gé e, á gbé e mì. Ẹ má bẹ̀rù tí ẹ bá rí i pé eyín iwájú ẹ̀ pọ́n bí ìgbà tó jẹ osùn, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, èyí tó bá ń funfun ló yẹ kó kọ yín lóminú. Tí àyà ẹ̀ bá ń tutù fún itọ́, tí ojú kan ń ṣomi, tó ń mú oúnjẹ tó sì ń já a sílẹ̀, eyín ni kí ẹ kọ́kọ́ ro.

Ẹranko tí àwọn ẹranko mìíràn ń pa jẹ kì í fi àìsàn hàn, á máa díbọ́n títí á fi wó. Ohun tó ń tú àṣírí ẹ̀ ni ìwọ̀n. Gbogbo ọjọ́ Sátidé mo ń gbé e sínú abọ́ kan lórí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn fúláwà, màá kọ gíráàmù ẹ̀ sínú ìwé. Tó bá ń lọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì léra, mi ò ní dúró de ohun mìíràn kí n tó wá dókítà.

Àwọn dókítà ẹran tó wà nítòsí mi, ewúrẹ́, ajá àti adìyẹ ni wọ́n ń rí jù, wọ́n mọṣẹ́ wọn, àmọ́ wọ́n fúnra wọn sọ fún mi pé kí n mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn. Tá a bá ní láti lọ, ìdájí ni, mọ́tò tó ní AC ni, kí n sì ti pè wọ́n kí n tó gbéra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa, ẹ̀yin tó ń sin ehoro àti guinea pig náà: amoxicillin àti ampicillin tí gbogbo wa ń rà ní kẹ́míìsì, tí a ń jù sẹ́nu tí ọ̀fun bá ti ń dùn wá, tí ẹ bá fún chinchilla ní in lẹ́nu ó lè pa á. Ó ń pa àwọn kòkòrò tó ṣe é lóore nínú ìfun, àwọn burúkú á wá gbilẹ̀. Mo mọ ẹni tó tú kápúsù sínú omi ehoro ẹ̀, inú rere ló fi ṣe é, ehoro yẹn ò yè. Ẹ má fún un ní òògùn tí dókítà ẹran ò bá kọ.

Àwọn ewu ilé tó kù, ẹ ti mọ̀ wọ́n: wáyà tó lè gé jẹ, òògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń fọ́n, òtapiapia, ológbò aládùúgbò. Èyí tí ìwé òyìnbó kì í sọ ni ìjàlọ. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n lè wọlé lóru kan, ẹranko tó wà nínú àgò ò sì ríbi sá lọ, mo ti rí ohun tí wọ́n fi ehoro ṣe rí, mi ò fẹ́ rí i mọ́. Ẹsẹ̀ tábìlì tí àgò Dúdúyẹmí wà lórí ẹ̀, inú agolo omi ọṣẹ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà, mo sì ń pààrọ̀ omi yẹn déédéé.

Ní ti gbígbé e, ẹ jẹ́ kó fúnra ẹ̀ wá. Tí èèyàn bá gbá a mú lójijì, ìdìpọ̀ irun á kàn ṣí lára ẹ̀ bọ́ sí èèyàn lọ́wọ́, bó ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá nílé ẹ̀ nìyẹn, irun yẹn á sì pẹ́ kó tó hù padà. Egungun ẹ̀ kò lágbára. Àtẹ́lẹwọ́ kan lábẹ́ àyà, ìkejì lábẹ́ ìdí, ó tán. Ọ̀sán ló fi ń sùn, mo sì ti bá àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ pé kò séyìí tó gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn yẹn lọ́sàn-án. Bí wọ́n bá ti pe ìrun mògáríbì ni màá máa gbọ́ ọ tó ń fò láti pákó dé pákó, ìgbà yẹn ni mo máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá, jókòó sílẹ̀, kó máa gùn mí léjìká.

Wọ́n ní òun nìkan ló wà, kí n wá ẹnìkejì fún un. Òótọ́ ni pé ẹranko tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ ni. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mi ò ní ra èkejì. Owó tí mo bá san fún ẹni tó ń tà á l'Ékòó yẹn, òun ló máa fi kó òmíràn wọ inú ooru yìí, tí mo bá sì fi akọ pẹ̀lú abo síbi kan, lẹ́yìn 111 ọjọ́ a ti ní àwọn ọmọ nìyẹn, ta ni màá kó wọn fún tó ní AC tọ̀sán tòru? Tí ẹlòmíràn bá ń jápa tó sì ní ọ̀kan tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn yàtọ̀, màá gbà á, màá sì rọra fi wọ́n mọra wọn. Chinchilla lè lo ọdún 10 sí 20 láyé. Mo ti bá àbúrò mi tó wà n'Ílé-Ifẹ̀ sọ ọ́ pé tí nǹkan bá ṣe mí, òun ló kàn, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n.

Ọmọ àbúrò màámi yẹn, mo fún un ní ehoro méjì. Ehoro náà ń sá fún ooru, àmọ́ ibòji dáadáa, atẹ́gùn àti omi tó tutù tó o lábẹ́ igi máńgòrò wọn ní Dada Estate, koríko tútù sì wà káàkiri. Inú ẹ̀ dùn sí wọn.

Ẹni tó bá wá ti ní chinchilla tẹ́lẹ̀, l'Óṣogbo, Ẹdẹ, Iléṣà tàbí ibikíbi nítòsí, tí koríko gbígbẹ sì ń ṣe wàhálà fún un, kó kọ̀wé sí mi. Èyí tí mo gbẹ nígbà ọyẹ́ ṣì pọ̀ nínú àpò, mi ò tà á o, kó kàn mú àpò tó mọ́ wá.